Omi Oyè àti Màlúù Tó Fẹ̀yìn Tì

Ẹni tó bá ní omi lẹ́nu nínú yín, kó tètè gbé e mì kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u sí ìwé yìí lára. Ọ̀rọ̀ Olóyè Oyèkúnlé Akínladé ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó jẹ́ Olùdarí Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Ẹran Ọ̀sìn ní ìlú Agbéjú-Ọ̀dàn. Ìlú náà wà ní ilẹ̀ Yewa, béèyàn bá kúrò ní Ayétòrò tó ń lọ sápá ẹnubodè. Ẹ má wulẹ̀ wá a nínú àwòrán ilẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán náà kò mọ̀ pé Olóyè ń gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ ni, wọn ì bá ti kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà bo ìlú mọ́lẹ̀.

Olóyè kò mọ nǹkan kan nípa ẹran, àfi èyí tó bá ti wà nínú ọbẹ̀. Àga ló ń kó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọlé, wọ́n ní kí wọ́n san oore fún un. Wọ́n ní kó wá mójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ó ní eruku ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kó gba ọ̀rọ̀ omi, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Wọ́n wá kó màlúù lé e lọ́wọ́, torí màlúù kì í dìbò, kì í sì í kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ó tún gbà pé èèyàn ńlá kì í pariwo. Nítorí náà, bó bá fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, etí akọ̀wé rẹ̀, Husain, ló máa ń sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́, kí Husain tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún un sọ fáyé gbọ́. Husain mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mọ owó. Bí Olóyè bá sọ pé, “Ẹ káàárọ̀,” Husain á na ọrùn sókè bí àkùkọ:

“Olóyè Oyèkúnlé, igi ńlá tí igba ẹyẹ ń sùn lórí rẹ̀ tí ẹ̀ka kan kò tẹ̀, ní kí n sọ fún yín pé oòrùn ti yọ! Oòrùn tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún un láyè!”

Àwọn tó wà níwájú á pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn á wo oòrùn, wọ́n á sì tún fìlà wọn ṣe.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìròyìn àrùn áńtíráàsì gba gbogbo ìlú. Àrùn yìí burú. Màlúù tó jẹko láàárọ̀ lè ṣubú kú kí oòrùn tó kàn tàrí, kí ẹ̀jẹ̀ dúdú máa ṣàn ní imú àti ìdí rẹ̀. Ó sì ń ran èèyàn. Ohun tó tún wá burú jù ni pé irúgbìn rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kó máa retí màlúù tí yóò fi imú kàn án.

Dókítà ẹran tó wà ní ìlú náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rọ́fíàt Bàrúwà, ọmọ Ìlaròó, gbé ìwé lọ bá Olóyè ní ọ́fíìsì.

“Ẹ káàsán, sà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló yẹ ká fún gbogbo màlúù kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó tó.”

Olóyè yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Kí ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà?”

“Abẹ́rẹ́ àjẹsára áńtíráàsì ni, sà.”

“Kò sí orúkọ ẹnì kankan lára rẹ̀?”

“Rárá, sà.”

“Áà, ó mà ṣe o,” ni Olóyè wí. “Ohun tí kò ní bàbá.” Ó dá ìwé náà padà fún un.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gba ọ̀nà Eggua wọlé. Àpò pẹnisílíìnì lẹ́búlẹ́bú ló kó wá láti òdìkejì ẹnubodè. Olóyè ní kí wọ́n gbé táǹkì omi ńlá kan kalẹ̀ létí odò, níbi tí gbogbo màlúù ìlú ti ń mumi, kí wọ́n sì máa po oògùn náà mọ́ ọn lójoojúmọ́, ọdún dé ọdún, yálà ara màlúù dá tàbí kò dá. Ó sọ ọ́ ní Omi Oyè. Wọ́n ya àwòrán ojú rẹ̀ sára táǹkì náà, wọ́n sì yà á tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ màlúù kan fi kọ̀, tó lóun kò ní mumi níwájú ẹni tí òun kò mọ̀ rí.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìlànà tó wà lára àpò. Husain wá pe ìyàwó rẹ̀, Mẹ̀dínátù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Basit. Aṣọ ni obìnrin náà ń tà, ó sì ti ń ná ọjà òdìkejì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ó ka àpò náà.

“Síbí kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan ni wọ́n wí, sà. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n sì ní kí ẹ lò ó fún màlúù tó ń ṣàìsàn.”

Olóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá Basit, Faransé ọjà lo gbọ́. Faransé ti ìjọba yàtọ̀. Síbí kan sínú táǹkì kan ló wà níbẹ̀ yẹn.”

“Táǹkì kẹ̀, Olóyè? Táǹkì yìí á gba igba bọ́kẹ́ẹ̀tì!”

“Ṣé o rí i bí Faransé ìjọba ṣe jinlẹ̀ tó?”

Nígbà tí Dókítà Rọ́fíàt gbọ́, ó sáré wá. Kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Olóyè, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn apakòkòrò dà bí ọ̀pá téèyàn fi ń pa ejò. Bí ẹ bá lù ú tó, á kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kàn ń fi ọ̀pá gbá a pẹ́pẹ́ lójoojúmọ́, ńṣe lẹ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀pá. Kòkòrò tí kò lágbára á kú, èyí tó le á ṣẹ́kù. Èyí tó le yẹn ló máa bímọ. Tó bá yá, ẹ ó fún màlúù ní pẹnisílíìnì, kòkòrò á máa wò yín níran.”

“Dókítà,” ni Olóyè wí, “ṣé ò ń sọ pé kòkòrò tí ojú kò rí lè gbọ́n jù mí lọ?”

Rọ́fíàt dákẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ojú kékeré wo ìdákẹ́ yẹn. Òun ni òótọ́ tó gùn jù lọ tí ẹnikẹ́ni sọ ní ọ́fíìsì náà lọ́dún yẹn.

Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má baà wáyé mọ́, Olóyè ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ áńtíráàsì ní Agbéjú-Ọ̀dàn. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀, yóò gbá gbogbo ọgbà ọ́fíìsì láti ẹnu géètì títí dé ìdí máńgòrò. Kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Dókítà Rọ́fíàt ti gbá ọgbà náà nígbà mẹ́rin. Ọgbà mọ́ nini. Àwọn àlejò ń yin Olóyè fún ìmọ́tótó.

Ọdún kan kọjá. Màlúù méjì péré ló kú lọ́dún náà, Olóyè sì kọ̀wé sí Abẹ́òkúta pé Omi Oyè ti lé àrùn lọ, kí wọ́n wá wò ó, kí gbogbo ìlú tó kù lè máa lò ó. Àwọn tó wà lókè dá èsì padà pé àwọn ń bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń múra ìrìn àjò ni òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù mọ́kànlá, jí lọ́jọ́ kejì òjò, ó bá mẹ́ta nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nímú wọn, kò sì dì. Òmíràn ń gbọ̀n. Ó ránṣẹ́ pe Rọ́fíàt. Rọ́fíàt gún èyí tó ń gbọ̀n ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì gidi, ó gún un tó bó ṣe yẹ, ó sì tún un gún. Nígbà tó di ọ̀sán, màlúù náà kú lójú wọn. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé jókòó tì í. Ó ṣáà ń fọwọ́ pa ilẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ẹran náà. Màlúù tó fẹ́ fi gbéyàwó fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Rọ́fíàt fi òwú gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó dì í jìnnà sí ara, ó fi í ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan ní Ìbàdàn. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bó wọn o. Ẹ má dúńbú wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá kan ẹ̀jẹ̀ wọn, irúgbìn àrùn yìí ló máa di. Kòtò jíjìn la máa gbẹ́, ká da ẹfun bò ó.”

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kòtò náà tán ni Olóyè dé tòun ti èrò rẹ̀. Ó wo òkú màlúù mẹ́rin náà pẹ́. Ó sọ̀rọ̀ sí Husain létí.

“Olóyè ní,” Husain ké, “àwọn màlúù wọ̀nyí kò kú! Iṣẹ́ ìlú ni wọ́n ṣe títí, wọ́n wá fẹ̀yìn tì!”

“Wọ́n fẹ̀yìn tì?” ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé béèrè. “Ọmọ ọdún mẹ́ta lèyí o.”

“Olóyè ní ó fẹ̀yìn tì láìtọ́jọ́, nítorí aápọn!”

Kí ìlú lè mọ̀ pé ẹran náà dára, Olóyè ní òun fúnra òun yóò kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án, bí ìgbà tí gómìnà bá ń gé rìbọ́ọ̀nù. Rọ́fíàt dúró síwájú rẹ̀. Wọ́n tì í kúrò. Husain di ẹsẹ̀ màlúù mú, Olóyè gbé ọ̀bẹ sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò, ó sì fi gé ikùn ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, níbi tó ti fi abẹ fárùngbọ̀n láàárọ̀. Ó ta sí Husain lọ́rùn ọwọ́. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Wọ́n pín ẹran náà sínú ọ̀rá fún àwọn obìnrin ìlú. Wọ́n gbà á, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí Olóyè gùn. Bí Olóyè ṣe wọ ọkọ̀ tán, gbogbo wọn tò lọ sídìí kòtò Rọ́fíàt, wọ́n da ọ̀rá síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ̀dínátù ló ṣíwájú wọn. Àwọn olùtọ́jú ìlera tí Rọ́fíàt ránṣẹ́ pè fún gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án lóògùn ìdènà, wọ́n lò ó pé, àfi Olóyè àti Husain tí wọ́n ti bá ọkọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó jẹ ẹran yẹn ní Agbéjú-Ọ̀dàn. Mi ò tíì rí ìlú tó ń bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì gbà á gbọ́ rárá.

Lọ́jọ́ kẹrin, nǹkan kékeré kan yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Olóyè, bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn. Ó ń yún un. Lẹ́yìn náà ó lé omi, omi bẹ́, àárín rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Kò dùn ún. Ṣùgbọ́n ojú ń wú, ó ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí.

Kí ni àwọn tó yí i ká ṣe? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ẹ má bínú. Wọ́n ní àmì oyè ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ló fi òǹtẹ̀ lu ẹni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni kan ní ẹ̀ka ìṣúra fi tìróò tọ́ dúdú kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo ọ́fíìsì ti ní tiwọn, títí kan aṣọ́gbà tó tọ́ méjì nítorí ó ń wá ìgbéga.

Husain wọlé lọ́jọ́ náà, ó na ọwọ́. Dúdú kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Olóyè bínú. “Husain! Ta ló ní kí o fi tìróò sí ọwọ́? Ojú là ń fi í sí!”

“Ọ̀gá,” ni Husain wí, “kì í ṣe tìróò.”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Husain sọ ọ̀rọ̀ kan fún Olóyè láìfi nǹkan kún un.

Olóyè bu pẹnisílíìnì àpò sínú ife méjì. “Mu tìrẹ. Oògùn tó ń jẹ́ orúkọ mi kò lè kọ̀ mí.” Wọ́n mu ún lọ́jọ́ mẹ́ta. Ibà dé. Ọwọ́ Husain wú dé ìgúnpá, ara rẹ̀ gbóná débi tí kò fi lè fẹnu kan oúnjẹ. Mẹ̀dínátù kò béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọkọ rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ dì í mú, ó di ilé Rọ́fíàt.

“Dókítà, mo mọ̀ pé ẹran lẹ̀ ń tọ́jú,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ẹ wo Bàbá Basit fún mi.”

Rọ́fíàt wò ó. Ìwé èsì láti Ìbàdàn wà lórí tábìlì rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ náà ló dé: kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ màlúù náà kò ka pẹnisílíìnì sí mọ́. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní sipiró ló ṣì ń bẹ̀rù. Ó fi ìwé náà lé Mẹ̀dínátù lọ́wọ́, ó bá wọn wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ayétòrò. “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un ní pẹnisílíìnì. Ẹ fi ìwé yìí hàn wọ́n kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.”

Sipiró ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ kẹta, ibà lọ. Lọ́jọ́ kẹfà, Husain béèrè ẹ̀bà. Mẹ̀dínátù bú sẹ́kún, ó sì sáré lọ ra gààrí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Olóyè pé kó máa bọ̀, wọ́n ti rí oògùn. Ó kọ̀. Àwọn àlejò Abẹ́òkúta ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé oògùn ẹlòmíràn ló wo òun sàn, ta ni yóò máa lo Omi Oyè? Ó ṣáà ní kí Husain dìde wá sẹ́nu iṣẹ́.

Gbọ̀ngàn ìlú kún. Àwọn àlejò jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́yìn wọn, oníkálukú pẹ̀lú tìróò lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ mú Olóyè wọlé, ojú rẹ̀ kan ti di pátápátá, ètè rẹ̀ òkè kò mọ ibi tí tìsàlẹ̀ wà mọ́. Husain dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Mẹ̀dínátù jókòó ní ìlà kẹta.

Olóyè sún mọ́ etí Husain. “Oògùn mi ti wò mí sàn,” ló fẹ́ wí. Ohun tó jáde ni, “Ohùhùn hi hi ho hi han.”

Husain gbọ́ ọ. Ẹni tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan láti ọdún méje, kò sí bí ẹnu onítọ̀hún ṣe lè wú tó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yé e. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè. Ó rò ó pé bí òun bá tún ọ̀rọ̀ yìí sọ bí òun ṣe máa ń sọ ọ́, gbogbo màlúù láti Ìlárá dé Ọjà-Ọ̀dàn ni yóò máa mu omi yìí. Ó rò ó pé bí òun kò bá sọ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe é ní àmì kankan. Ó kàn ń wò ó.

“Olóyè ní,” ni Husain wí. “Olóyè ní oògùn àwọn kò ṣiṣẹ́.”

Àwọn àlejò gbé kálàmù wọn.

Olóyè di ẹ̀wù rẹ̀ mú. “Hun-hun! Hun-hun!”

“Wọ́n ní kí n tún un sọ kó lè yé yín. Wọ́n ní síbí bọ́kẹ́ẹ̀tì làwọn fi sínú táǹkì. Wọ́n ní Dókítà Rọ́fíàt sọ fáwọn, àwọn kò gbọ́.”

Olóyè fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

“Inú ń bí wọn sí ara wọn,” ni Husain wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. “Wọ́n ní áńtíráàsì ló pa màlúù Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Wọ́n ní áńtíráàsì náà ló wà lójú àwọn yìí. Wọ́n ní, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má jẹ́ káwọn kú.”

Olóyè na ọwọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà, kò tó o. Òòyì kọ́ ọ. Bó ṣe ń ṣubú lọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń yọ áńkáṣíìfù, wọ́n ń nu ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tìróò kì í sì í tètè lọ. Gbogbo wọn kúrò ní gbọ̀ngàn bí ẹni tó fi ojú nu ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá. Olóyè kò lè sọ̀rọ̀, ó béèrè bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ta ló ni orúkọ tó wà lára rẹ̀?”

“Kò sí orúkọ ẹnì kankan lára rẹ̀, Bàbá.”

Ó tún fa ìwé náà mọ́ra. Ohun tó kọ ni, “Ẹ fún mi.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn onítìróò tó wá kí i. Husain wá, ó gbé ọsàn wá.

“Husain,” ni Olóyè wí nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣí, “o ba ayé mi jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá,” ni Husain dáhùn, ó sì ń bó ọsàn fún un. “Ẹ̀ ń kú lọ ni. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe.”

Olóyè gba ọsàn náà, ó mu ún. Lẹ́tà tó yọ ọ́ nípò ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ láti ọjọ́ méjì. Husain mọ̀, kò sì mẹ́nu bà á.

Wọ́n da Omi Oyè nù, wọ́n fọ táǹkì. Rọ́fíàt ní kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oògùn kúrò lára màlúù, torí ó lè ba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó gbogbo ẹran ìlú jọ sí pápá Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Èrò pọ̀, eruku pọ̀, màlúù ń ké. Àwọn ọkùnrin tó lágbára kò tó.

Oyèkúnlé Akínladé gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dá wà, àpá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń wá, mi ò rò pé òun náà mọ̀. Ó dúró sídìí ọgbà, ó ń wòye. Rọ́fíàt rí i, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀.

“Ẹ wá bá wa di orí èyí mú, sà.”

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó ká apá agbádá sí èjìká, ó wọlé. Ó di màlúù náà mú lódìlódì. Màlúù gbọn orí, ó fi itọ́ pa á láyà, ó fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Kì í ṣe etí, Olóyè,” ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wí. “Ìwo ni. Ẹ fi ọwọ́ kejì di imú rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni.”

Rọ́fíàt gún un lábẹ́rẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Oyèkúnlé tú u sílẹ̀, ó nà ró, ó ń mí hẹlẹ.

“Ṣé ó ti parí?” ló béèrè.

“Èyí ti parí,” ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé wí. Ó ti ń fa òmíràn bọ̀, akọ ńlá kan tí ojú rẹ̀ le. “Ẹ bọ́ agbádá yẹn kalẹ̀ ná. Tibí yìí a máa tàpá.”